Mọ́ọ̀dù amọ̀ yìí dára, ìwé tó bá a wá ni kò dára

Ìka ni mo kọ́kọ́ fi wo ìdí àwo dígí náà. Ọdún 20 ni mo fi ránṣọ kí n tó fọwọ́ kan dígí, ìka mi ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá kúnná tàbí kò kúnná. Ohun tó bá pàdé lọ́jọ́ náà dà bí awọ ara ẹni tí òtútù mú. Gbogbo ìdí àwo rí ṣákiṣàki láti etí dé àárín. Ní apá kan ìsàlẹ̀, dígí ti wú sókè bí ìléròrò ojú iná. Ní apá kejì, kókó ṣóńṣó kan yọ sísàlẹ̀. Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àmọ́ ó mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi fa ìlà sára tábìlì nígbà tí mo gbé àwo kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ojú òkè rẹ̀ ń dán bí omi.

Àkọ́ṣe mi lórí mọ́ọ̀dù tuntun yìí nìyẹn, ohun amọ̀ tí a fi ń sọ dígí di àwo. Mo ti gbé e sínú iná nígbà mẹ́sàn-án báyìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun rà á. Mọ́ọ̀dù náà dára. Ìyẹ̀fun kiln wash tí wọ́n fi sínú páálí kan náà, èyí tí a ń pò mọ́ omi kùn mọ́ọ̀dù kí dígí má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, dára pẹ̀lú. Ìwé ìlò tí wọ́n ká sáàárín wọn ni mo bínú sí, torí ó ba àwo méjì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta bàjẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi nìyẹn, màá dé ibẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí: a máa ń kọ́kọ́ yọ́ dígí pọ̀ lórí pẹpẹ títẹ́jú nínú ìléru oníná, ní nǹkan bí 800°C, títí á fi di ẹyọ kan. Tó bá tutù, a ó gbé e lé mọ́ọ̀dù, a ó tún tan iná, dígí á rọ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù náà. Ìpele kejì yìí ni à ń pè ní slumping. Ooru rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́ gan-an, láàárín 620°C sí 680°C. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ro dáadáa nìyẹn. Ní 800°C, dígí ń ṣàn díẹ̀, ó lè pa ojú ara rẹ̀ dé. Ní 650°C, ó kàn ń tẹ̀ ni. Àbààwọ́n tó bá bá a wọ ìléru, òun náà ló máa bá a jáde, ohunkóhun tó bá sì fara kàn nísàlẹ̀ máa fi àmì sí i lára.

Mọ́ọ̀dù náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó jìn tó 5. Amọ̀ funfun ni, ó nípọn, ara rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, mi ò rí ibi tí ó wọ́. Ihò kéékèèké mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ abẹ́ dígí lè ríbi jáde. Ìwé tó bá a wá jẹ́ ojú kan péré. Ó ní kí a mú ooru gòkè ní 350°C ní wákàtí kan, kí a dé 700°C, kí a dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí a wá pa iná. Ó tán síbẹ̀. Kò béèrè irú dígí tí a fẹ́ lò, kò béèrè bó ṣe nípọn tó, kò sọ̀rọ̀ kankan nípa ihò.

Mo tẹ̀ lé e bó ṣe wí, àwo tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí ló sì jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kiln wash, nítorí ọwọ́ èmi náà wà nínú ṣíṣákiṣàki yẹn. Ohun tó wà nínú irú ìyẹ̀fun yìí ni alumina hydrate àti amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin. Alumina kì í yọ́ nínú ooru tí à ń lò, òun ni kì í jẹ́ kí dígí lẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀dù. Kaolin ló ń mú un dúró sára amọ̀. Ife ìyẹ̀fun 1 sí ife omi 5 ni mo ń pò báyìí, ó sì máa ń ṣàn bí omi wàrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pò ó ki. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì péré, ìkùn tó nípọn, mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó ni ààbò rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ipa irun búrọ́ọ̀ṣì wà lójú mọ́ọ̀dù kedere, èyí tó kán sílẹ̀ sì lọ gbára jọ sísàlẹ̀, ó dí ihò méjì pa. Apá ibi tí ihò ti dí ni dígí ti wú. Afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ kò ríbi gbà. Ihò kẹta ṣí, ṣùgbọ́n ooru pọ̀ jù, dígí rọ̀ kọjá ibi tó yẹ, ó sì tẹ orí bọnú ihò náà. Kókó ṣóńṣó tó ha tábìlì mi nìyẹn.

Báyìí, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ tí irun rẹ̀ rọ̀ ni mo ń lò, mo sì ń kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ọ̀kan lóròó, ọ̀kan níbùú, méjì yòókù ní ìdagẹ̀rẹ́. Bí mo bá ti kùn ún tán, mo máa ń dojú mọ́ọ̀dù dé kí èyí tó gbára jọ lè dà nù. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó gbẹ, mo tún máa ń gún wọn lẹ́yìn tó bá gbẹ tán, màá wá gbé mọ́ọ̀dù sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n rí ìmọ́lẹ̀ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni màá ká ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ti ya mọ́ ìka, màá sì fi nu ojú mọ́ọ̀dù láìtẹ̀ ẹ́, títí ipa búrọ́ọ̀ṣì á fi parẹ́. Ẹ bo imú àti ẹnu yín nígbà yìí, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí n tó gbé dígí lé e, mo máa ń gbé mọ́ọ̀dù nìkan lọ sínú ìléru títí dé 260°C, màá fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 kí omi inú amọ̀ lè jáde tán.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn lára ìyẹ̀fun tó wà nínú páálí yìí ni pé àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nígbà tí a bá kùn ún, iná ló ń sọ ọ́ di funfun. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá fò máa ń hàn lójú ẹsẹ̀. Mo ti lo ìkùn kan fún àwo mẹ́rin láìtún kùn, nítorí ooru slumping kì í bà á jẹ́ bí ti 800°C. Ibi tó bá ṣí kúrò nìkan ni mo ń tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ká ní mo kùn ún dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 700°C yẹn ì bá ṣì fi àmì sí ìdí àwo náà. Ẹ̀yin tó ń lọ aṣọ mọ èyí. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, ojú rírán tó wà nínú aṣọ á yọ síta, ìlà rẹ̀ á sì hàn lójú aṣọ títí láé. Aṣọ yẹn gún lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti tẹ̀ ẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dígí ṣe ń ṣe lórí mọ́ọ̀dù. Bó bá gbóná jù, á dé ìsàlẹ̀ kíákíá, àkókò tó kù ló máa fi lẹ̀ mọ́ gbogbo wóró kéékèèké ojú mọ́ọ̀dù. Tí a bá dín ooru kù tí a sì fi àkókò kún un, dígí á ṣì sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí a fẹ́, àmọ́ ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní rọ̀ tó láti gba àmì púpọ̀.

Èyí tí mo ń ṣe báyìí rèé, fún dígí onípele méjì tó nípọn tó mìlímítà 6. Dígí Bullseye ni mo ń lò, tí wọ́n ti ń ṣe ní Portland ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1974, nọ́ńbà COE rẹ̀, èyí tó ń sọ bí dígí ṣe ń fẹ̀ tó nínú ooru, sì jẹ́ 90. Mo ń gòkè ní 150°C ní wákàtí kan títí dé 640°C, mo sì ń dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Lẹ́yìn náà, mo jẹ́ kó sọ̀ sí 482°C, kó sinmi níbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kó wá máa lọ sílẹ̀ ní 56°C ní wákàtí kan títí dé 371°C. Ìgbà yẹn ni màá pa iná, n kì í sì í ṣí ìdérí títí ọwọ́ mi fi lè dúró lára mọ́ọ̀dù láìjó. Ẹni tó bá ń lo dígí COE 96 gbọ́dọ̀ fi í sinmi ní 510°C ní tirẹ̀. Kí ó má ṣe da oríṣi méjèèjì pọ̀ nínú àwo kan, torí bí wọ́n ṣe ń sún kì nígbà tí wọ́n bá ń tutù kò bára mu.

Ẹ má kàn mú 640°C mi bẹ́ẹ̀ o. Ìléru yín lè sọ pé 640 kí inú rẹ̀ jẹ́ 655, ó sinmi lórí ibi tí thermocouple, ìyẹn ohun tó ń wọn ooru, wà àti ibi tí wáyà iná wà. Ìdérí ni wáyà tèmi wà. Ojú ló yẹ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ní ìgbà kẹrin tí mo lo mọ́ọ̀dù yìí, àbúrò mi wà lọ́dọ̀ mi, mo ní kó bá mi máa wo ojú ihò ìléru bí mo ti ń kọ àkókò sílẹ̀. Awò ojú tí àwa méjèèjì fi ń wò ó jẹ́ èyí tó ń dá ìtànṣán iná dúró, awò oòrùn lásán kò tó. Mo ní kó má wo dígí fúnra rẹ̀, kó wo àwòrán wáyà iná tó ń hàn lójú dígí bí ìlà pupa gbọọrọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìlà yẹn ti tẹ̀ o."

"Ní àárín àbí ní etí?"

"Àárín. Etí ò tíì mira."

A ń wò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìlà náà ń tẹ̀ sí i, ó di bí ọrun ọdẹ, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mejì tí àbúrò mi wò ó tí ìlà náà kò yí padà mọ́, mo mọ̀ pé dígí ti jókòó. Ìṣẹ́jú 42 ni. Mo tẹ kọntiróólà kó kọjá sí ìpele tó kàn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé yẹn, tó lọ jókòó síbòmíràn, kò ní rí ìṣẹ́jú yẹn láéláé.

Ohun mìíràn tí ìwé náà kò sọ ni pé kí a gbé mọ́ọ̀dù kúrò lórí pẹpẹ. Mọ́ọ̀dù yìí jókòó dẹ́ńdẹ́ sórí pẹpẹ, ihò rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà. Mo fi òpó amọ̀ kéékèèké mẹ́ta, tí gíga wọn tó mìlímítà 12, sábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ìwú.

Àwo kejì sán. Ìléru ṣì gbóná díẹ̀ nígbà tí mo rí i, ìlà kan gba àárín rẹ̀ já láti etí kan dé èkejì. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ fọwọ́ kan etí ibi tó ti sán. Bí etí náà bá rọ̀, tó rí roboto díẹ̀, a jẹ́ pé ó ti sán nígbà tí ooru ń gòkè, iná wá rọ ojú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó bá mú bí abẹ, nígbà tó ń tutù ló sán. Tèmi rọ̀. 350°C ní wákàtí kan ti yá jù fún dígí tó nípọn bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ìléru tí iná rẹ̀ wà lókè, nítorí ojú òkè á ti gbóná kí ìdí tó lórí mọ́ọ̀dù tó gbọ́. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìwé kan náà ni wọ́n ń fi sínú gbogbo mọ́ọ̀dù wọn, títí kan àwọn onírin. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Irin ń sún kì ju dígí lọ nígbà tó bá ń tutù, amọ̀ kò tó o. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da dígí bo irin láti òkè, tí a sì ń jẹ́ kó sọ̀ sínú amọ̀. Bí a bá da dígí bo amọ̀, dígí á fún un mọ́ra títí á fi sán. Ohun méjì tí ìwà wọn yàtọ̀ tó báyìí kò lè pín ìwé kan lò.

Ó wá ku àwo kẹta, èyí tí mo ní ẹ̀bi tèmi ni. Ìdí rẹ̀ mọ́, mo ti tún kiln wash kùn, mo ti dín ooru kù. Ojú òkè ló wá ṣú. Kùrukùru funfun kan wà ní apá kan, bí ojú tí awọ bò, tí a kò lè nù kúrò. Mo ti fẹ́ sọ pé mọ́ọ̀dù ni, kí n tó rántí pé mọ́ọ̀dù kò fara kan ojú òkè rárá. Mo gbé e sábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀gbẹ́, mo sì rí i pé kùrukùru náà ní ìrísí ìka mẹ́rin.

Devit ni. Ojú dígí ló ń di kírísítà wínníwínní, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí tàbí òróró ọwọ́ bá wà, bí dígí bá pẹ́ jù láàárín nǹkan bí 700°C sí 760°C. Mo ti fi ọwọ́ tí mo fi kan òróró ẹ̀rọ ìgé dígí gbé e sórí pẹpẹ kí n tó yọ́ ọ pọ̀. Kùrukùru náà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn, kò kàn tíì hàn tó ni. Slumping kò lè wò ó sàn. Báyìí, kò sí dígí tó ń dé orí mọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ mi tí n kò kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ní ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ti ṣú, mo ń fi ohun ìfọ̀ tó le díẹ̀ ha ojú rẹ̀, mo ń fọ̀ ọ́, mo ń fi ajọ̀ kékeré jọ ìyẹ̀fun dígí mímọ́ gaara fẹ́lẹ́ sí i lójú, mo sì ń dá a padà sí 800°C lórí pẹpẹ. Etí tí mo bá fi ẹ̀rọ lọ̀ pẹ̀lú, iná ni mo kọ́kọ́ fi ń dan án ní nǹkan bí 720°C sí 740°C, nítorí 640°C kò lè dá dídán etí padà. Ó máa wà ní funfun wúrúwúrú bí ó ṣe bọ̀ láti orí ẹ̀rọ.

Àwo karùn-ún jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdajì rẹ̀ dúdú, ìdajì funfun. Dígí dúdú máa ń tètè rọ̀, funfun máa ń le díẹ̀, nítorí náà apá dúdú ti sọ̀ kalẹ̀ kí funfun tó mira, ó sì fa gbogbo rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Mọ́ọ̀dù kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bó bá pọn dandan kí n da méjèèjì pọ̀, mo ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ sí i, mo sì ń fi ìwọ̀n olómi wo mọ́ọ̀dù bóyá ó dúró gúnrégé. Bí etí kan bá ṣáájú, mo ti lè fi ibọ̀wọ́ iná wọ inú ìléru tún dígí gbé sáàárín, àmọ́ n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ tí kò bá ní ibọ̀wọ́ àti aṣọ tó yẹ. Ẹ pa iná wáyà kí ọwọ́ tó wọlé.

Àwọn àmì dúdú kéékèèké ojú òkè jẹ́ ohun tó já sílẹ̀ láti ìdérí. Ẹ fi ẹ̀rọ fa eruku ibẹ̀ kúrò kí ẹ tó tan iná, ó parí. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí àwo lára kiln wash, mo ń rẹ ẹ́ sínú omi fínígà di ọjọ́ kejì, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ fi dígí fèrèsé ṣe é, mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan lórí mọ́ọ̀dù yìí, ìgbà kẹfà nìyẹn. Dígí fèrèsé le ju tèmi lọ, ó fẹ́ ooru sí i, ó sì máa ń tètè ṣú. Ojú rẹ̀ kan ti fara kan tánganran (tin) yíyọ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ojú yẹn lè hunjọ kó sì di kùrukùru bó bá tẹ̀. Iná UV onígbì kúkúrú ló ń fi í hàn: ojú tánganran máa ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi wàrà. N kò tún dán an wò mọ́, dígí tí mo mọ̀ ni mo padà sí.

Lẹ́yìn ìgbà mẹ́sàn-án, mọ́ọ̀dù náà kò sán, etí rẹ̀ kò ya, ìrísí àwo tó ń jáde nínú rẹ̀ sì lẹ́wà gan-an: ó jìn tó láti mú nǹkan dúró, ìdagẹ̀rẹ́ etí rẹ̀ kò ga jù débi tí dígí á fi nà tàbí hunjọ. Mo máa ra èyí tó kéré jù ú lọ nínú irú rẹ̀. Ìwé náà, mo ti yí i dójú dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ ìpele tèmi sí, ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọntiróólà.

Àwo kẹsàn-án jáde ní àná. Mo fi ìka ra ìdí rẹ̀ láti etí dé àárín, n kò bá nǹkan kan pàdé. Ìgbà tí mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ ni mo tó rí ibi tí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, àmì roboto mẹ́ta tí kò dán tó ibi yòókù, tí ìka kò lè mọ̀.